Ṣaworo Ni Ariwo Yẹn, Sípíkà Rẹ Kò Ya

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, mò ń kàwé ní LAUTECH, mo sì máa ń ta gìtá báàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ̀gbọ́n mi kan fún mi ní fóònù rẹ̀ àtijọ́, mo sì bá orin àwọn kan tí wọ́n ń jẹ́ The Sonics nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni orin yẹn kò ti kúrò lọ́kàn mi. Àwọn obìnrin tí a jọ ń gbé yàrá ní Under G sọ pé fáìlì náà ló bàjẹ́, tàbí kó jẹ́ pé sípíkà mi ti ya. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni kí n tún gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé a ní irú rẹ̀ nílẹ̀ wa? Ṣé àwa náà lè ta á pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun èlò tó wà lọ́wọ́ wa?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, fáìlì rẹ kò bàjẹ́, sípíkà rẹ kò sì ya. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kó dún ló ṣe ń dún yẹn; garage punk ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀. Má bínú sí àwọn ará yàrá rẹ, nítorí ohun tó ṣe wọ́n ló ṣe èmi náà rí.

Mò ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe rédíò àti anpilifáyà nígbà náà, ní Ọ̀wọ́dé níhìn-ín ní Ọ̀yọ́. Oníbàárà kan gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì wá, ó ní kò fa téèpù dáadáa mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì kan wà nínú rẹ̀ tí àbúrò rẹ̀ mú bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Mo pààrọ̀ rọ́bà inú ẹ̀rọ náà, mo tẹ̀ ẹ́ kí n lè dán an wò, ni ohùn kan bá bẹ́ jáde. Ìlù ń lọ gbì gbì gbì bí ẹni ń fi ìkúùkù lu ilẹ̀kùn, gìtá ń ha bí ayùn tó ń rẹ́ páànù, ọkùnrin kan sì ń ké bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lẹ́sẹ̀. Mo ní sípíkà ti ya. Mo fi sípírítì nu orí téèpù, kò yí padà. Mo tú sípíkà, mo fi òmíràn sí i, ó tún ń ha. Ọ̀gá mi wọlé, ó dúró, ó fetí sí i díẹ̀, ó sì fi kásẹ́ẹ̀tì jùjú kan sínú ẹ̀rọ kan náà. Jùjú náà dún kedere. Ó ní, “Ara ẹ̀rọ le. Bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ nìyẹn,” ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Èmi kò lè padà sídìí tèmi. Kí oníbàárà náà tó dé, mo ti gbọ́ ojú kan kásẹ́ẹ̀tì yẹn ní ìgbà mẹ́fà.

Wọn kò kọ orúkọ olórin sára kásẹ́ẹ̀tì náà. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n tó mọ̀ pé The Sonics ni, àti pé “Psycho” ni orin tó gba oúnjẹ ọ̀sán mọ́ mi lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún láti ìlú Tacoma ni wọ́n, ní ìpínlẹ̀ Washington, lápá ìwọ̀-oòrùn àríwá Amẹ́ríkà. Ọdún 1964 ni orin wọn àkọ́kọ́, “The Witch”, jáde. Àwo ńlá wọn àkọ́kọ́ tẹ̀ lé e ní 1965. Gerry Roslie ni ó ń ké bẹ́ẹ̀ yẹn, òun náà ló ń tẹ dùùrù. Larry Parypa ló ń ta gìtá, Andy ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń ta báàsì, Rob Lind ń fun saxophone, Bob Bennett sì ni ẹni tí mo rò pé ó ń lu ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ náà “garage” máa ń ṣi àwa Yorùbá lọ́nà. Létí tiwa, gáréèjì ni ibi tí a ti ń wọkọ̀ Ìlọrin tàbí Ìbàdàn. Lọ́dọ̀ tiwọn, yàrá ẹ̀gbẹ́ ilé tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ni. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ tí kò lówó yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ti ń dánra wò, láàárín táyà àti kẹ̀kẹ́ àtijọ́. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì àti ògiri líle ń ta ohùn padà sí ara wọn, ẹni tó bá sì fẹ́ kí a gbọ́ tòun ní láti yí fólúùmù sókè. “Punk” ní tirẹ̀, èébú ni, ọmọ tí kò láárí. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni àwọn tó ń kọ̀wé nípa orin bẹ̀rẹ̀ sí í fi pe àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí, nígbà tí púpọ̀ nínú wọn ti túká, tí kálukú ti wáṣẹ́ ṣe.

Jẹ́ kí n wá sọ ti ariwo náà fún ọ bí ẹni tó ń tú ẹ̀rọ jẹun. Igbi ohùn ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Anpilifáyà ní ìwọ̀n iná tó lè fún igbi náà, ibẹ̀ sì ni àjà rẹ̀ wà. Bí o bá ta gìtá jẹ́jẹ́, igbi ń rìn lábẹ́ àjà, kò fara kàn án. Bí o bá yí fólúùmù dé òpin, igbi fẹ́ ga ju àjà lọ, kò sì sí àyè. Orí rẹ̀ á gé, á wá pẹrẹsẹ. Orí tó gé yẹn ni etí wa ń gbọ́ tó ń ha. Ó tún ń bí àwọn ohùn tíntìntín mìíràn lé ohùn àkọ́kọ́ lórí, àwọn ohùn tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ìka kan okùn. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́jọ́ Ìsinmi, àìsàn ni, irú èmi ni wọ́n sì máa ń ránṣẹ́ pè. Àwọn olórin wọ̀nyí ní tiwọn mọ̀ọ́mọ̀ ń wá a kiri ni. Ní 1958, Link Wray fi pẹ́ńsùlù lu ihò sára sípíkà anpilifáyà kó tó rí ohùn “Rumble” bó ṣe fẹ́. Ní London, Dave Davies ti ẹgbẹ́ The Kinks fi abẹ fẹ́lẹ́ ya sípíkà tirẹ̀. Ohùn yẹn ni ayé gbọ́ nínú “You Really Got Me” ní 1964. Láàárín àwọn méjèèjì, ní 1962, ilé iṣẹ́ kan ti gbé àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Maestro FZ-1 sọ́jà, tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tó ń gé orí igbi ohùn fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ya sípíkà kankan. Ohùn yẹn ni wọ́n ń pè ní fuzz.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí mi, nítorí Ọ̀yọ́ ni mo dàgbà sí, ìlú onílù. Wo ìyáàlù dùndún dáadáa nígbà mìíràn tí o bá rí i. Awọ rẹ̀ àti ọṣán rẹ̀ tó láti fọhùn. Kí ló wá dé tí àwọn àyàn tún fi so ṣaworo yí ojú rẹ̀ ká? Gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹgọ́ bá kan awọ ni ṣaworo ń dún ṣììn ṣììn lé ohùn náà lórí. Yọ ṣaworo kúrò, ìlù náà ṣì lè kì ọ́ dé orí baba ńlá rẹ, ṣùgbọ́n àgbà onílù kan kò ní jẹ́ gbé e bẹ́ẹ̀ jáde lọ sí ààfin. Àwọn baba wa kò ka ariwo tó bá ohùn rìn sí àbùkù. Wọ́n so ó mọ́ ìlù pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn. Láti ọjọ́ tí mo ti rí èyí ni mo ti mọ ohun tí mo ń gbọ́ nínú gìtá Larry Parypa. Sọ fún àwọn ará yàrá rẹ pé ṣaworo ni.

Nípa ohun tí o máa gbọ́ tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ á ní kí o lọ gbọ́ “Louie Louie” tí àwọn The Kingsmen gbà sílẹ̀ ní ìlú Portland ní 1963. Gbọ́ ọ, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Richard Berry, olórin aláwọ̀ dúdú kan ní Los Angeles, ló ni orin náà. Tirẹ̀ jáde ní 1957, ó rọra, ó sì dùn. Lọ́wọ́ àwọn ọmọ Portland, maikirofóònù ga ju akọrin lọ, ó ń na ọrùn ké sí i, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Àwọn òbí kan ní ọ̀rọ̀ rírùn ló wà nínú rẹ̀, ni àwọn ọlọ́pàá inú FBI bá gba ẹjọ́ náà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ohun tó ju ọdún méjì lọ, wọ́n sì parí rẹ̀ sí pé àwọn kò gbọ́ ohun tí ọmọ náà ń wí.

Ṣùgbọ́n báàsì ni ìwọ ń ta, nítorí náà ọ̀nà mìíràn ni màá mú ọ gbà. Lọ wá ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Death, láti Detroit. Ẹni tó ń ta báàsì náà ló ń kọrin.

Ọmọ ìyá mẹ́ta ni wọ́n, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa: David Hackney lórí gìtá, Bobby lórí báàsì, Dannis nídìí ìlù. Inú yàrá kan nílé àwọn òbí wọn ni wọ́n ti ń dánra wò, nígbà tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́ orin soul, tí wọ́n sì ń bi wọ́n pé orin òyìnbó wo ni ẹ ń ta yìí. Lẹ́yìn tí bàbá wọn kú ni David sọ ẹgbẹ́ náà ní Death. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ pé ẹgbẹ́ olórin ń jẹ́ Ikú á ní kí wọ́n tètè pààrọ̀ rẹ̀, èmi náà ì bá sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ní 1975 wọ́n gba orin méje sílẹ̀. Clive Davis, ọ̀gá ńlá kan nídìí iṣẹ́ àwo orin, fẹ́ràn orin náà, àmọ́ ó ní kí wọ́n yí orúkọ padà. David kọ̀. Lójú tirẹ̀, orúkọ náà kì í ṣe ohun tí òun máa tà. Bí owó ṣe bá ibẹ̀ lọ nìyẹn. Wọ́n fi owó ara wọn tẹ àwo kékeré 500 péré ní 1976, rédíò kò sì fẹ́ ẹ fi sórí afẹ́fẹ́.

Wọ́n kó kúrò ní Detroit lọ sí ìpínlẹ̀ Vermont. David padà sílé, kò gbádùn mọ́. Kó tó kú ní ọdún 2000, ó kó àwọn téèpù náà lé Bobby lọ́wọ́, ó ní ayé ń bọ̀ wá béèrè wọn. Bobby kò sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá. Nínú àwọn àwo 500 yẹn, díẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń kó àwo àtijọ́ jọ, wọ́n dà á kọ fún ara wọn, wọ́n ń pe ara wọn wá gbọ́, títí ọmọ Bobby kan fi wà níbi àríyá kan lọ́jọ́ kan tó gbọ́ ohùn kan nínú sípíkà. Ohùn bàbá rẹ̀ ni. Ní 2009, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ilé iṣẹ́ Drag City gbé àwo náà jáde pẹ̀lú orúkọ ...For the Whole World to See. Àwọn ọmọ Bobby dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ láti máa ta àwọn orin bàbá wọn. Nígbàkígbà tí mo bá ń sọ ìtàn yìí, ibi tí ọmọ ti dá ohùn bàbá rẹ̀ mọ̀ ni ojú mi ti máa ń kún.

Gbọ́ “Politicians in My Eyes” pẹ̀lú báàsì rẹ lọ́wọ́. Bobby kì í fi báàsì gbẹ́yìn. Òun ló ń fa gìtá lọ, kì í ṣe gìtá ló ń fà á.

Bí o bá ti gbọ́ ìyẹn yó, bọ́ sọ́dọ̀ The Monks. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà márùn-ún ni wọ́n, Gelnhausen ní Jámánì ni wọ́n ti sìn. Nígbà tí iṣẹ́ ogun parí wọn kò padà sílé. Wọ́n fá àárín orí wọn bíi ti àwọn monk, ìyẹn àwọn ọkùnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kátólíìkì àtijọ́, wọ́n wọ aṣọ dúdú, wọ́n so okùn mọ́rùn dípò táì. Àwo wọn kan ṣoṣo nígbà náà, Black Monk Time, jáde ní Jámánì ní 1966. Àwọn ni mo rò pé onílù Ọ̀yọ́ máa yé jù lọ, nítorí pé ìlù ni wọ́n sọ gbogbo ohun èlò dà. Wọ́n mú banjo, wọ́n kó iná sí i, wọ́n sì ń fi í lu ìlù. Dùùrù ń lu ìlù. Onílù fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan péréte onírin tó ń dún ṣàà, awọ ni ó ń lù. Bí gúdúgúdú ṣe ń ta kàn-kàn-kàn lójú kan náà tí kẹríkẹrì àti ìsáájú ń dáhùn, tí ìyáàlù sì ń sọ̀rọ̀ láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tiwọn ṣe ń lọ. Mo ti fi àwo náà sílẹ̀ kó máa dún nínú ṣọ́ọ̀bù mi nígbà tí àgbà onílù kan wá gba rédíò rẹ̀. Ó jókòó, ó fi ìka lu itan rẹ̀ dé òpin orin kẹta, ó sì bi mí pé ọmọ ìlú wo nìwọ̀nyí.

Àwọn yòókù kò gba àlàyé gígùn. ? and the Mysterians (àmì ìbéèrè yẹn wà nínú orúkọ wọn), ọmọ àwọn ará Mẹ́síkò ní Michigan, fi “96 Tears” dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní 1966. Los Saicos ní ìlú Lima, ní orílẹ̀-èdè Peru, kọ “Demolición” ní 1965 ní èdè Sípáníìṣì. O kò nílò láti gbọ́ èdè náà. Bí o bá fẹ́ gbọ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, Nuggets ni kí o wá, àkójọ orin 27 tí Lenny Kaye ṣà jọ ní 1972. Láti inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwa tí a wà lókèèrè gbà wọlé. Ní ti àwọn tó dé lẹ́yìn, mo fẹ́ràn The Gories jù. Màá padà sọ́dọ̀ wọn.

O béèrè bóyá a ní irú rẹ̀ nílẹ̀ wa. N kò ní purọ́ fún ọ pé a ní garage punk gan-an bíi ti Tacoma. Àwọn tó sún mọ́ ọn ni a ní, wọ́n sì dára. Lọ gbọ́ Ofege. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n, ní St. Gregory's College ní Èkó, nígbà tí wọ́n gba Try and Love sílẹ̀ fún EMI ní 1973. Fuzz inú gìtá yẹn, ọwọ́ ọmọ tó yẹ kó máa ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ló ń jáde. Ofo the Black Company ní “Allah Wakbarr”, 1972, òun ló le jù nínú gbogbo wọn. Bí o bá fi han àwọn ará yàrá rẹ, wọ́n á tún sọ pé sípíkà ya. BLO ní Chapter One, 1973, jẹ́jẹ́ díẹ̀, àmọ́ tẹ́tí sí báàsì Mike Odumosu àti ìlù Laolu Akins nítorí iṣẹ́ tìrẹ. Bí o bá sì lè kọjá ẹnubodè wa, Zambia ni kí o lọ, sọ́dọ̀ WITCH, àwo Lazy Bones!! ti 1975. Emmanuel Chanda ni olórin wọn, Jagari ni wọ́n ń pè é, láti ara orúkọ Mick Jagger, akọrin The Rolling Stones. Ẹgbẹ́ náà túká, ọkùnrin náà bọ́ sídìí wíwa òkúta iyebíye nínú ilẹ̀. Àwọn tó ń kó àwo jọ ló tún wá a rí, ó sì ti padà sórí ìtàgé ní àgbà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan nípa bí a ṣe ń gbọ́ wọn. Pa gbogbo nǹkan tí fóònù rẹ fi ń fi báàsì kún orin. Àwọn ọdún 1960 yìí, sípíkà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ro orin, nítorí náà èyí tí wọ́n bá pè ní mono ni kí o wá. Àwọn tí wọ́n fi ọgbọ́n pín sí méjì lẹ́yìn náà máa ń tú dà bí àmàlà tí omi rẹ̀ pọ̀ jù. Fi sípíkà kékeré kan gbọ́ ọ nínú yàrá, má fi sínú etí nìkan. Kí n sì sọ ọ́ kí o má bàa sọ pé n kò wí: àwọn Sonics ń kọrin nípa àjẹ́ àti májèlé. Orin eré ìdárayá ni, ṣùgbọ́n ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ́, ìwọ lo máa yan èyí tí ọkàn rẹ gbà.

Bó bá wá ṣe pé kí ẹ ta á fúnra yín, ibẹ̀ ni The Gories wà. Ní 1986 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Detroit, ẹni mẹ́ta: Mick Collins àti Dan Kroha pẹ̀lú gìtá méjì, obìnrin kan tó ń jẹ́ Peggy O'Neill nídìí ìlù. Wọn kò tíì mọ ohun èlò náà ta dáadáa nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Orí ìtàgé ni wọ́n ti kọ́ ọ, níwájú èrò. Wọn kò ní báàsì, mo mọ̀ pé ìyẹn lè dùn ọ́, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o rí ni pé ẹni mẹ́ta tó. Ìwọ, onígìtá kan, onílù kan. Yọ péréte onírin kúrò lára ìlù, kí ìlù ọwọ́ àti ìlù tí a ń fi ẹsẹ̀ lù nìkan kù.

Anpilifáyà kékeré oníwáàtì 15 dára fún gìtá ju ńlá lọ, nítorí pé kì í pẹ́ kan àjà, o sì lè yí i dé òpin láì lé àwọn ará ilé jáde. Báàsì ńkọ́? Má ṣe fi báàsì sínú sípíkà kékeré kí o wá yí i sókè. Báàsì máa ń ti ìwé sípíkà jìnnà ju gìtá lọ, á ya ní tòótọ́, ìyẹn kì í ṣe ṣaworo mọ́. Jẹ́ kí báàsì rẹ mọ́, kí gìtá máa ha lókè rẹ̀. Bí wọ́n bá jọ ń ha, gbogbo rẹ̀ á di ẹrẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbà á sílẹ̀, fóònù kan tó, ẹ gbé e sí àárín yàrá ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí onílù, kí akọrin sún mọ́ ọn jù lọ. Ẹ ṣí i sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ má ṣe tún àṣìṣe ṣe.

Mo sì bẹ̀ ọ́, má fi pẹ́ńsùlù kan sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun ìní ìjọ ni. Wá sípíkà rédíò àtijọ́ kan, èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ra wáyà, kí o sì gbé e wá bá mi ní Ọ̀wọ́dé. Nǹkan bí 50 kìlómítà ni Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́. Gbé báàsì rẹ náà dání, kí a fi “Politicians in My Eyes” dán an wò.